Tìmùtìmù Ẹgbàajì

Ọkọ̀ sọ̀ mí kalẹ̀ ní Wàndó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
èmi àti àpò gàrí, èmi àti ìkòkò kékeré tí ìyá mi fi okùn dì.
Gbogbo Kétu ṣì wà lára bàtà mi, ó pọ́n bí epo.
Wọ́n ní ilé ìwé yóò wọlé lọ́jọ́ Ajé.
Ilé tí n ó sùn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Mo wá yàrá ní Tókpótá. Onílé ní kí n san oṣù mẹ́fà,
kí n san ti iná, kí n san ti omi tí kò tíì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.
Mo wá a ní Jásìn. Obìnrin kan wo ojú mi, ó wo àpò gàrí,
ó ní òun kì í gba akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a máa se ẹ̀wà di òru.
Ní Káṣí, mo na apá méjèèjì,
ọwọ́ mi kan ògiri lọ́tùn-ún, ó kan ògiri lósì.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilẹ̀kùn máa ṣí sí?"

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo bọ́ sí nígbẹ̀yìn,
nínú ilé àtijọ́ kan tí àwọn Àgùdà kọ́,
ọ̀dà ewé ń ṣí kúrò lára fèrèsé rẹ̀ bí èépá.
Màmá Mariyána ní, "Ẹgbàáta lóṣù.
Bí o bá ń gbá àgbàlá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta."
Mo ti di ìgbálẹ̀ mú kó tó parí ọ̀rọ̀.
Gbogbo ẹsẹ̀ tó ń gòkè nílé yẹn, orí mi ló ń gbà kọjá.
Mo mọ ẹni tó mutí yó. Mo mọ ẹni tó ń yọ́ wọlé.

Mo ń kọ́ ọmọ aránṣọ kan ní ìṣirò.
Bí owó bá yọ, wọ́n á san án;
bí kò bá yọ, ìyá ọmọ á bá mi fún yẹ̀rì mi.
Kí Bélú tó parí, ó ti bá mi fún un lẹ́ẹ̀mẹta.
Kò béèrè ìdí.
Ní Sátidé mo ń bá Bùráímọ̀ ṣe fotokopí,
mo ń ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó tutù;
báyìí ni mo ka ìwé òfin tán láì rà á,
àfi ojú ìwé ogójì, tí yíǹkì gbẹ lé lórí.
Tòmátì tó ti fara pa, mo ń dúró dè é di alẹ́.

Orí ilẹ̀ ni mo ń sùn, títí Báńkọ́lé fi fẹ́ ta tìmùtìmù.
Báńkọ́lé lorúkọ, kò sì nílé.
Ó gboyè lọ́dún kejì sẹ́yìn, ó ń padà sí Ṣábẹ̀ẹ́,
sí oko kájú bàbá rẹ̀.
"Ẹgbàárin," ló wí.
"Ẹgbẹ̀ẹ́dógún." Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo fajú ro,
bí ìyá mi ṣe ń ṣe níwájú oníṣu.
"Ó ní kókó láàárín. Àbàwọ́n wo nìyí?"
"Àbẹ́là. Mo ń kàwé."
Mo yíjú, mo rin ẹsẹ̀ méje bí ẹni tó ń lọ.
Ó pè mí padà.
Ẹgbàajì. Ó fi garawa ṣe èènì.
Mo gbé e sórí, mo rẹ́rìn-ín délé.

Lóru, mo ń tú aṣọ rẹ̀ kí n lè fọ̀ ọ́, bébà kan jábọ́:
Tókpótá, oṣù mẹ́fà, rárá.
Jásìn, kò gba akẹ́kọ̀ọ́.
Gàrí, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.
Nísàlẹ̀, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì:
Bí tìmùtìmù bá pa ẹgbàárin, owó ọkọ̀ pé.

Ìyá mi ní ẹni tó mọ ọjà ná, ebi kì í pa á sọ́jà.
Mo mọ̀ ọ́n ná.
Mo sùn sí ọ̀tún, mo sùn sí òsì,
kókó yẹn ń tẹ̀ lé mi kiri.
Lókè, ẹnì kan ń sọ̀ kalẹ̀ tòun tẹrù,
mo ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú òkùnkùn: ení, èjì, títí dé keje.
Kò sẹ́ni tó pè é padà.